Turnitin ní mo jí iṣẹ́ ara mi

Owó tí àyẹ̀wò àpilẹ̀kọ mi gbà ju owó tí mo fi tẹ̀ ẹ́ tí mo fi dì í lọ. Ó ṣì ń dùn mí.

Nílé-ìwé wa, ọ̀rọ̀ tó bá ti ibòmíràn mu nínú iṣẹ́ àṣekágbá kò gbọdọ̀ kọjá 25% lórí Turnitin, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi iṣẹ́ wé èyí tó ti wà nílẹ̀. Ìyẹn ló ń lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ẹ̀yìn géètì, kí kálukú lè mọ ibi tí iṣẹ́ òun dé kó tó gbé e lọ sí láíbìrì. Ọkùnrin tó ni ibẹ̀ gba ₦4,000, ó ní tèmi jẹ́ 11%. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Bí mo ṣe gbé iṣẹ́ kan náà dé láíbìrì, 94% ló gbé jáde. Pupa fòò! Àwọ̀ ewé ni Turnitin fi ń sàmì sí ohun tí kò tó 25%. Ti 75% sókè ló ń pọ́n. Màmá tó ń ṣe àyẹ̀wò wò mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìtọ́kasí. Ogun Kírìjì, 1877 sí 1893, ni mo kọ̀wé lé lórí. Ẹni bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kò lè yẹ Samuel Johnson, tó kọ The History of the Yorubas, sílẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó gbé ìwé àdéhùn àlàáfíà 1886 lọ sí ibùdó ogun. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ mi ò fojú kan ìwé náà rí. Inú iṣẹ́ ẹlòmíràn ni wọ́n ti ń ṣà á, wọ́n á wá kọ "Johnson, 1921" sídìí rẹ̀. Èmi ṣí i, mo sì rí i pé ojú-ewé tí aṣíwájú wa kan tọ́ka sí, ọ̀rọ̀ tó fà yọ kò sí níbẹ̀ rárá. Ìwé tí ọwọ́ mi ò bá tẹ̀, mo kọ ọ́ gbangba pé ọ̀dọ̀ lágbájá ni mo ti kà á. Ti àwọn àgbà tí mo fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ní Ìmẹ̀sí-Ilé ńkọ́? APA, ìlànà ìtọ́kasí tí à ń lò, ní inú ọ̀rọ̀ nìkan ni ká ti dárúkọ wọn, kí wọ́n má wọ ìwé ìtọ́kasí. Alábòójútó mi ní àwọn ò gbà, kí n to àwọn abẹ́nà-ìmọ̀ mi sẹ́yìn iṣẹ́. Mo ṣe méjèèjì.

Mo ní kí Màmá ṣí èsì náà kí n rí i. Orísun kan ṣoṣo ló kó ohun gbogbo: "Submitted to", lẹ́yìn náà orúkọ yunifásítì kan nílẹ̀ òkèèrè tí n kò dé rí. Ọ̀rọ̀ mi ni látòkè délẹ̀, títí kan orúkọ bàbá mi tí mo fi sínú ìdúpẹ́.

Àkáǹtì olùkọ́ kan níbẹ̀ ni ọkùnrin ẹ̀yìn géètì ń lò. Ó níbi tí wọ́n ti ń yàn án pé kí Turnitin má fi iṣẹ́ pamọ́, "No repository" ni wọ́n kọ síbẹ̀. Kò yàn án. Iṣẹ́ mi ti wọ àká wọn, ẹni tó bá tún gbé e wá ti di olè.

Mo padà lọ bá a. "Bọ̀dá, ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò."

"Àbúrò, mo ra àkáǹtì yẹn ni."

Lọ́wọ́ ta ni? Ẹnì kan lórí WhatsApp. Ẹni yẹn náà ní òun rà á ni. Turnitin kì í gba irú ẹ̀bẹ̀ yìí lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Olùkọ́ tó ni kíláàsì náà ló ń béèrè, kí alákòóso ilé-ìwé wọn sì fọwọ́ sí i. Ẹ wo irú lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ: "Ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, wọ́n ń ta àkáǹtì yín lẹ́yìn géètì wa." Mo kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fèsì.

Ọkùnrin náà tún láyà láti ní òun lè bá mi "paraphrase" gbogbo rẹ̀ fún ₦10,000. Níbi tí mo kọ "treaty" sí, ó fẹ́ fi "contract" sí i! Bí iṣẹ́ náà bá tiẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn, ṣé pípààrọ̀ ọ̀rọ̀ láìdárúkọ ẹni tó ni ín kì í ṣe olè ni? Lásìkò yẹn, àwọn tó gbé iṣẹ́ fún oníṣẹ́ kọ ti gbèjà tiwọn, wọ́n ń ya fọ́tò.

Màmá láíbìrì yìí náà ló yọ mí. Wọ́n ní àwọn lè yọ orísun kan kúrò nínú èsì, bí ẹ̀rí bá wà. Mo kó gbogbo ẹ̀dà tí alábòójútó mi ti fi bírò pupa kọ nǹkan sí, pẹ̀lú àwọn í-meèlì tí déètì wà lára wọn láti Orí Kìíní. Alábòójútó fi lẹ́tà tì í. Ilé-ìwé gba owó àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n yọ orísun yẹn, ó wálẹ̀ sí 31%. Wọ́n yọ ìwé ìtọ́kasí àti ohun tó wà nínú àmì àyọlò, ó di 11%, iye tí ọkùnrin yẹn ti sọ níjọ́sí! Nínú 11% ọ̀hún, gbólóhùn ojú-ewé àkọ́kọ́ tí ilé-ìwé fúnra wọn ní ká kọ wà níbẹ̀.

Ẹni tó bá ṣì máa lọ sẹ́yìn géètì, kó dúró ti kọ̀ǹpútà, kó fojú ara rẹ̀ rí ohun tí wọ́n yàn. Ẹ má sì pa ẹ̀dà àtijọ́ rẹ́.

Níbi ìgbèjà, olùdánwò tó wá láti ìta ò tiẹ̀ wo 11%. Wọ́n ní báwo ni ẹni tó kú ní 1901 ṣe tẹ ìwé ní 1921. Mo ní 1897 ni Johnson parí rẹ̀, pé ẹ̀dà tó fi ránṣẹ́ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọnù, pé Obadiah àbúrò rẹ̀ ló fi àkọsílẹ̀ tó kù tún un tò, ìdí nìyẹn tí orúkọ Obadiah fi wà nínú ìtọ́kasí mi gẹ́gẹ́ bí olóòtú. Wọ́n mi orí, wọ́n ṣí Orí Kejì.