Eyín mẹ́rin lẹ́nu ọmọ kan: bí mo ṣe yan ohun tí mo fi tún wọn ṣe

Ọmọ ọdún 8 ni, ọkùnrin, ó lẹ́rìn-ín lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ ò tètè mọ̀ pé eyín ń dùn ún, mi ò sì bá a wí. Ní Ìbàdàn wa níbí, ọmọ lè fi àmàlà bo ìrora eyín mọ́lẹ̀ fún odidi ọdún kan. Wọ́n á bu ewédú àti gbẹ̀gìrì lé e, á gbé e mì, eyín ò níṣẹ́ kankan ṣe níbẹ̀. Ẹran ló tú àṣírí. Ìyá rẹ̀ ṣàkíyèsí pé pọ̀nmọ́ rẹ̀ ń di ti àbúrò rẹ̀ lójoojúmọ́, ọmọ tí kì í fún ẹnikẹ́ni ní súìtì. Lọ́jọ́ tí píọ̀ wọ́tà tútù mú un ké gbàjarè, wọ́n gbé e wá bá mi ní kílíníìkì wa lápá Mọ́kọ́lá.

Mo ní kó lanu. Eyín àgbà mẹ́rin tó wà lẹ́yìn pátápátá, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, kò sí ọ̀kan tó pé. Tòkè ọ̀tún ní àbàwọ́n funfun bí ẹ̀kọ. Tòkè òsì àti tìsàlẹ̀ òsì pọ́n rúsúrúsú, wọ́n sì ti ń hó díẹ̀díẹ̀. Tìsàlẹ̀ ọ̀tún ti wó, igun méjì ti lọ lára rẹ̀.

"Dókítà, ṣé kòkòrò ló jẹ ẹ́ ni?"

Mo ní, "Rárá, Mama, ẹ má dá súìtì lẹ́bi fún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bó ṣe yọ nìyẹn."

"Ó dáa, eyín ọmọdé ṣá ni, á ṣì yọ dànù."

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ òbí ti máa ń ṣì í. Eyín yìí máa ń yọ bí ọmọ bá tó nǹkan bí ọdún 6, ẹ̀yìn àwọn eyín ọmọdé ló sì ń gbà yọ, kì í lé ìkankan kúrò láyè rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ju eyín sórí òrùlé nítorí rẹ̀, kò sẹ́ni tó kí i káàbọ̀. Eyín àgbà sì ni, kò sí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀.

Èèpo eyín, ìyẹn énámẹ́ẹ̀lì, ló yẹ kó le ju egungun lọ. Ti ọmọ yìí rọ̀ bí ẹfun láwọn ibi tó ní àbàwọ́n. Ohun tó ń mú eyín le ò pé nínú rẹ̀, purotéènì sì pọ̀ jù, ihò tín-ín-tìn-ìn-tín wà lára rẹ̀ tí òtútù ń gbà wọlé lọ bá iṣan. MIH ni orúkọ tí àwa oníṣègùn eyín ń pè é láti ọdún 2001. Ìgbà tí wọ́n bí ọmọ sí nǹkan bí ọmọ ọdún 3 ni èèpo eyín yìí ń dì, àìsàn àti ibà líle láàárín ìgbà náà lè wà lára ohun tó ń fà á, ṣùgbọ́n a ò tíì lè nàka sí ohun kan ṣoṣo. Ìyá rẹ̀ ní òtútù àyà dá a dúbúlẹ̀ nígbà tó wà lọ́mọ oṣù 10. Mo ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó sọ bí mo ṣe ṣe é, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ àṣìṣe mi. Tìsàlẹ̀ òsì ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, kọ́ńpósíìtì, ohun ìdí eyín tó ní àwọ̀ eyín, ni mo sì fi dí i, nítorí pé ìyá fẹ́ funfun, èmi náà sì fẹ́ràn iṣẹ́ tó bá dùn ún wò. Mo gbẹ́ ibi tó rọ̀ kúrò. Ibi tó pọ́n tó yí i ká le lábẹ́ irin mi, mo bá fi í sílẹ̀. Mo fi ásíìdì 37% sí i, mo fi gọ́ọ̀mù rẹ̀ sí i, mo tan iná búlúù sí i kó lè gan. Ó rẹwà débi pé mo ya fọ́tò rẹ̀. Lóṣù 5 lẹ́yìn náà, wọ́n padà wá. Kọ́ńpósíìtì dúró digbí, eyín tó yí i ká ló fọ́ lọ. Ẹ wo àwọn ilé alámọ̀ àtijọ́ lápá Ọjà'ba tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́: sìmẹ́ńtì kì í ṣẹ̀ fúnra rẹ̀, amọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń yẹ̀. Ásíìdì yẹn gbọ́dọ̀ rí èèpo tó dáa jẹ kí gọ́ọ̀mù tó lè dì í mú, lára èèpo bí ẹfun kì í rí i jẹ bó ṣe yẹ.

Látìgbà náà, ohun tí mo kọ́kọ́ ń wò ni ibi tí etí ohun tí mo fẹ́ fi dí eyín máa balẹ̀ sí. Bí etí bá máa bọ́ sórí èèpo tó dáa, a lè sọ̀rọ̀ kọ́ńpósíìtì. Bí kò bá ní bọ́ síbẹ̀, ká wá nǹkan mìíràn.

Tòkè ọ̀tún ò gbà mí lákòókò. Kò tíì fọ́, n kò sì gbé ẹ̀rọ sí i rárá. Mo fi sódíọ̀mù fúlóráìdì 5% kùn ún, lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo fi GIC, símẹ́ńtì tí wọ́n fi gíláàsì lílọ̀ ṣe, dí àwọn kòtò orí rẹ̀. Kí ló dé tí mi ò lo èyí tí a ń fi iná búlúù gan? Eyín náà ò tíì yọ tán, ẹran ìdí eyín ṣì bo ẹ̀yìn rẹ̀, itọ́ ò sì jẹ́ kó gbẹ. GIC fara da ọ̀rinrin díẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ eyín fúnra rẹ̀, ó sì ń tú fúlóráìdì jáde. Ohun tí kò fara dà ni ooru wa. Bí iná bá lọ tí ẹ̀rọ amúlétutù kú, bí ẹ bá ń po ó lọ́wọ́ ló ti ń gan. Inú fíríìjì ni mo máa ń fi àwo gíláàsì tí mo fi ń po ó sí, kí n tó lò ó màá nu ìrì orí rẹ̀ gbẹ dáadáa, nítorí ẹ̀kán omi kan ṣoṣo lè ba ìpò náà jẹ́.

Mo bi ìyá náà nípa SDF, oògùn onífàdákà tí a ń fi kan eyín. Ó ń mú kí eyín yé ké, ṣùgbọ́n ó ń sọ ibi tó ní àléébù di dúdú. Ó kọ̀. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n ká ní ọmọ náà ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun ni, mi ò ní kọ́kọ́ ro ti àwọ̀.

Tòkè òsì, ojú kan ṣoṣo ló fọ́. Níbẹ̀ ni mo ti ṣe ohun tí mi ò ṣe nígbà àkọ́kọ́: mo gbẹ́ ẹ títí tí mo fi rí èèpo funfun tó ń dán yíká, kódà bó tilẹ̀ gba pé kí n gbẹ́ ibi tí mi ò fẹ́ gbẹ́. Mo ta rọ́bà yí eyín náà ká kí itọ́ má bàa dé ibẹ̀, mo wá fi kọ́ńpósíìtì sí i ní ìpele ìpele tí kò ju mìlímítà 2 lọ. Ámágàmù, ohun ìdí eyín aláwọ̀ fàdákà tí àwọn àgbà wa mọ̀, ò sí nínú ìrònú mi rárá. Kì í lẹ̀ mọ́ eyín, kòtò tó fẹ́ ká gbẹ́ fún un á sì tún wó ìyókù.

Tìsàlẹ̀ ọ̀tún ló le jù. Mo ya X-ray rẹ̀. Kò sí oówo nídìí rẹ̀. Mo ro yíyọ ọ́ wò: bí wọ́n bá yọ ọ́ nígbà tí gbòǹgbò eyín tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ń pín sí méjì, láàárín ọdún 8 sí 10, eyín ẹ̀yìn yẹn lè sún síwájú gba ipò rẹ̀. Ti ọmọ yìí ò tíì débẹ̀, ìdí eyín náà sì dáa. Kò sí èèpo tó dáa tí etí ohunkóhun lè balẹ̀ sí lórí rẹ̀, àfi nísàlẹ̀, lẹ́bàá ẹran. Ìdérí irin nìkan ló lè sọ̀ kalẹ̀ débẹ̀.

"Irin kẹ̀? Lẹ́nu ọmọ mi? Dókítà, ẹ jọ̀ọ́."

Mo ní kí wọ́n lọ rò ó wò, kí wọ́n padà wá. Nígbà tí wọ́n padà, ìyá àgbà ló mú ọmọ wá. Alhaja ni wọ́n, wọ́n jókòó, mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, góòlù sì kọ mànà lẹ́nu wọn.

"Dókítà, ọmọ mi, ìgbà tí mo ti Mẹ́kà dé ni mo ti ń lo tèmi. Èmi gan-an ni mo fowó mi rà á. Ẹ fún un ní tiẹ̀ jàre."

Mo fi òrùka rọ́bà kékeré sáàárín eyín náà àti ti iwájú rẹ̀ fún ọjọ́ 4, kí àyè lè ṣí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ò nílò, eyín tó máa jókòó síbẹ̀ di nǹkan bí ọdún 12. Lọ́jọ́ iṣẹ́, mo ní kí wọ́n fún un ní parasitamọ́ọ̀lù bí ọjọ́ orí rẹ̀ ṣe gbà, wákàtí kan kí wọ́n tó jáde nílé. Iṣan eyín báyìí ti bínú tipẹ́, abẹ́rẹ́ tí ń jẹ́ kí ẹnu kú kì í tètè ràn án. Mo fún un lábẹ́rẹ́, mo dúró ju bí mo ṣe máa ń dúró lọ, mo tún fún un ní ìkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ eyín náà. Ẹni tó bá kánjú níbí á sọ ọmọ di ẹni tí kò ní padà wá mọ́. Mo dín orí eyín náà kù díẹ̀. Mo wá ń wọn ìdérí irin sí i, nọ́ńbà nọ́ńbà ni wọ́n wà bíi bàtà. Nọ́ńbà 5 tóbi, ó ń mì. Nọ́ńbà 4 lọ ń ṣòro, ó wá dún "kọ̀!" lábẹ́ ìka mi. Mo fi GIC kún inú rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ wọlé, mo ní kó ge òwú jẹ.

"Ọkọ mi, ó máa dà bí ẹni pé ó ga jù. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan á balẹ̀."

Tìsàlẹ̀ òsì tí mo bàjẹ́ ńkọ́? Ó ti rẹ ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn. Mo yọ kọ́ńpósíìtì mi kúrò, mo fi GIC tó ki dí i, mo sì sọ fún Alhaja pé ìdúródè ni, pé màá tún un ṣe láìgba owó iṣẹ́.

Wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù 3. Orí GIC náà ti jẹ díẹ̀, bí mo ṣe retí. Tọ̀tún ò yẹ̀, òwò pọ̀nmọ́ àbúrò sì ti dópin. Ọmọ náà lanu kí n tó ní kó lanu, ó nàka sápá òsì.

"Dókítà, ìgbà wo lẹ máa fi irin sí èyí náà? Wọ́n ń pè mí ní Alhaji ní kíláàsì wa."

Òrùka rọ́bà ti wà níbẹ̀ báyìí. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀.