Bí mo ṣe rin ìrìn òòrùn dé Neptune pẹ̀lú àwọn ọmọ ní Ìkéré

Àwòrán òòrùn àti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ayé wa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń yí òòrùn ká, wà lára ògiri yàrá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ní Ìkéré-Èkìtì. Wọ́n tò gbá ara wọn bíi tòmátì lórí àtẹ. Àgbà inú wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, mọ orúkọ gbogbo wọn lórí. Mo bi í pé báwo ni Neptune, pílánẹ́ẹ̀tì tó jìnnà sí òòrùn jù, ṣe jìnnà sí wa tó. Ó fi ìka wọ̀n ọ́n lára ògiri, ó ní, "Ìka mẹ́rin, Àǹtí."

Mo ní kí wọ́n gbé bọ́ọ̀lù wọn wá. Ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 22. Òun ni òòrùn. Òòrùn fi ìlọ́po 109 fẹ̀ ju ayé lọ, nítorí náà ayé wa ò lè ju mìlímítà 2 lọ: hóró ata kan péré. Venus náà gba hóró ata. Mercury àti Mars di hóró gààrí. Nígbà tó kan Jupiter, wọ́n ti sáré lọ ṣa òkúta ńláńlá. Ọmọ ayò ni mo mú, mo sì mú ìkejì fún Saturn. (Bàbá wọn ṣì ń wá ọmọ ayò méjì títí di òní. Ẹ má sọ fún un.) Ẹ̀wà méjì ló ku fún Uranus àti Neptune. Wọ́n bèèrè Pluto, torí ó wà nínú àwòrán wọn. Mo ní ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára àwọn pílánẹ́ẹ̀tì. Inú wọn ò dùn sí i.

Rírìn ló wá kù. Bí a ṣe dín ìtóbi wọn kù náà la dín ìjìnnà wọn sí òòrùn kù. A gbé bọ́ọ̀lù sẹ́nu géètì, mo ń na ẹsẹ̀, ìṣísẹ̀ kan sí mítà kan. Mercury bọ́ sí 9, Venus sí 17, ayé sí 24. Kí n tó yíjú padà, adìẹ aládùúgbò ti ṣa ayé jẹ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe é, kó yáa fi sẹ́lótéèpù lẹ àwọn hóró kéékèèké mọ́ páálí.

Mars, 36. Lẹ́yìn ìyẹn ni ojú wọn là: Jupiter di 123, níwájú ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà, Saturn di 226. Ká tó dé Uranus ní 454, àbíkẹ́yìn ti ní kí n pọn òun. Ní 711 a fi ẹ̀wà tó kẹ́yìn sílẹ̀, àpáta Olósùnta ń wò wá lókèèrè. Mo ní kí wọ́n wẹ̀yìn.

"Àǹtí, òòrùn dà?"

Kò sẹ́ni tó rí bọ́ọ̀lù mọ́. Ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé ìmọ́lẹ̀ òòrùn ń lo ìṣẹ́jú 8 kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń lo ju wákàtí mẹ́rin lọ kó tó dé Neptune. Voyager 2, ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní èèyàn nínú tí Amẹ́ríkà jù sókè ní 1977, ọdún 1989 ló tó kọjá níbẹ̀.

Lálẹ́, iná ò sí, ojú ọ̀run sì mọ́ kedere. Àgùàlà ń tàn ní ìwọ̀-oòrùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òṣùpá. Ìyá àgbà nawọ́ sí i: "Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni." Mo ní òótọ́ ni, kì í ṣe ajá òṣùpá, kì í sì í ṣe ìràwọ̀, Venus gan-an nìyẹn, ìmọ́lẹ̀ òòrùn ló ń tàn lára rẹ̀.

Àbíkẹ́yìn tẹjú mọ́ ọn. "Hóró ata ìṣísẹ̀ 17?"

"Òun ni."

Ìyá àgbà ní, "Ata kí ni?"