Bí Mo Ṣe Kó Ọlọ́pàá, Panápaná àti Ánbúláǹsì Jọ Fún Ìdánrawò Agbébọn

Ní kánńtì (bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa) tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Texas, ní Amẹ́ríkà, èmi ni wọ́n gbà pé kó máa múra sílẹ̀ de ohun tí gbogbo wa ń gbàdúrà kó má ṣẹlẹ̀. Ìjì líle àti omíyalé ti mọ́ wa lára. Àmọ́ lọ́jọ́ 24 oṣù Karùn-ún ọdún 2022, agbébọn kan wọ ilé-ìwé Robb Elementary ní Uvalde, ó pa akẹ́kọ̀ọ́ 19 àti olùkọ́ 2. Agbófinró 376 ló ya lọ síbẹ̀, síbẹ̀ ìṣẹ́jú 77 kọjá kí wọ́n tó wọlé bá a ní yàrá tó wà. Ọjọ́ méjìlá lẹ́yìn náà ni wọ́n kọlu ìjọ Kátólíìkì St. Francis ní Ọ̀wọ̀, ìlú ìyá mi. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, ọ̀gá mi wọlé wá bá mi: "Tó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ńkọ́?" Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan sọ.

Orí tábìlì ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo pe ọ̀gá ọlọ́pàá, ọ̀gá panápaná, olórí àwọn ánbúláǹsì, obìnrin tó ń darí àwọn tó ń gbé ìpè pàjáwìrì 911, àti dókítà kan. Mo tẹ́ àwòrán ilé-ìwé kan sílẹ̀, mo to mọ́tò ìṣeré ọmọdé sórí rẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo wá bi wọ́n pé, "Ìbọn ti dún. Ìgbà wo ni ẹni tó lè dá ẹ̀jẹ̀ dúró máa wọlé?" Ọ̀gá panápaná ní ìgbà tí ọlọ́pàá bá ti ní kò séwu mọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá ní àwọn kì í sọ bẹ́ẹ̀ àfi tí àwọn bá ti tú gbogbo yàrá wò tán. Yàrá ilé-ìwé náà lé ní ọgọ́ta. Dókítà yẹn kàn ń wò wọ́n. Ó ní ẹni tí ọta bá gé iṣan ẹ̀jẹ̀ itan rẹ̀ kì í lò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yìnbọn ní ilé-ìwé Columbine ní Colorado lọ́dún 1999, ọlọ́pàá dúró de SWAT, ikọ̀ ọlọ́pàá àkànṣe, olùkọ́ kan sì ṣẹ̀jẹ̀ títí ó fi kú, lẹ́yìn bíi wákàtí mẹ́ta tí wọ́n yìn ín níbọn. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ ọlọ́pàá tó bá kọ́kọ́ dé pé kó máa lọ tààrà síbi tí ìbọn ti ń dún, kódà bó bá máa ré ẹni tó fara gbọgbẹ́ kọjá. Ta ló wá ni ẹni tí wọ́n ré kọjá yẹn? Àwọn panápaná Arlington ní Virginia wá gbé Rescue Task Force kalẹ̀: òṣìṣẹ́ ánbúláǹsì á wọ ẹ̀wù ayẹta (ti òyìnbó ni o, ó sì wúwo ju ti àwọn bàbá wa lọ), ọlọ́pàá á wà níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á jọ wọ ibi tí agbébọn ti kúrò, bí wọn ò bá tilẹ̀ tíì tú u tán. Àwọ̀ la fi ń pe ibi kọ̀ọ̀kan: ibẹ̀ ni ìyeyè, ibi tí ìbọn ti ń dún ni pupa, ìta gbangba ni àwọ̀ ewé. Nínú ìyeyè, dá ẹ̀jẹ̀ dúró, la ọ̀nà èémí, gbé e jáde. Ó tán.

Oṣù kan gbáko la fi kọ́ ìyẹn. Lọ́jọ́ tí a dé orí tourniquet, okùn tí a fi ń de ẹsẹ̀ tàbí apá pinpin kí ẹ̀jẹ̀ lè dúró, ọlọ́pàá kan tó rí gbọ̀ngbọ̀nràn sùn sílẹ̀, ọmọbìnrin panápaná kan sì dè é ní itan. Ó dè é jẹ́jẹ́. Mo ti ìka méjì bọ abẹ́ okùn náà, wọ́n wọlé wẹ́rẹ́. Mo ní, "Ó ti kú." Ó wá yí igi tí a fi ń fún okùn náà lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ọkùnrin náà ń lọ eyín. Ìgbà tó yí i lẹ́ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà fi ọwọ́ gbá ilẹ̀. Mo ní kó kọ aago tó dè é sára rẹ̀.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni pé kí ìbọn gidi má lọ wọ ìdánrawò. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo la lò, ènìyàn méjì ló yẹ gbogbo wọn wò, ìbọn oníke aláwọ̀ búlúù ni wọ́n sì mú wọlé. A kìlọ̀ fún àwọn aládùúgbò. Gbogbo ìpè orí rédíò, "ìdánrawò ni èyí" ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Sátidé kan nínú oṣù Keje, ilé-ìwé ti gba ìsinmi. Àwọn 30 tó yọ̀ǹda ara wọn dùbúlẹ̀ káàkiri pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá, káàdì tó sọ irú ọgbẹ́ tó wà lára wọn sì ń bẹ lọ́rùn wọn. Ọlọ́pàá méjì wọlé ní ìṣẹ́jú kejì. Ní ìṣẹ́jú kẹfà, "agbébọn" ti ṣubú. Inú mi dùn. Lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́ pa.

Àwọn ọlọ́pàá ti páàkì mọ́tò wọn kátikàti sí ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọlé, wọ́n tì í, kọ́kọ́rọ́ wà lápò wọn nínú ilé. Ánbúláǹsì mẹ́rin tò sẹ́yìn wọn bí ẹni ń dúró de epo. Ọlọ́pàá kéde lórí ìkànnì tiwọn pé agbébọn ti ṣubú, panápaná wà lórí ìkànnì tiwọn, wọn ò gbọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá dúró níwájú ilé, ọ̀gá panápaná dúró lẹ́yìnkùlé, oníkálukú gbà pé òun ni olórí. Obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́, tí káàdì rẹ̀ jẹ́ pupa (ti ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ le, tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú), nawọ́ sókè láti ilẹ̀ kọ́ríídọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mo ti kú ni àbí mi ò tíì kú?" Mo wo aago, mo fi káàdì dúdú, ti òkú, rọ́pò tọrùn rẹ̀. Ìṣẹ́jú 31 ni ẹni àkọ́kọ́ tó jáde.

Nígbà tí a jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru ara wọn. N kò bá wọn jiyàn. Mo tan ohùn tí a ká sílẹ̀ láti orí rédíò, a gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀.

Ohun tí a kọ́kọ́ yí padà ni pé ọ̀gá tó bá kọ́kọ́ dé kò gbọdọ̀ wọlé. Ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀ ni yóò dúró, ọ̀gá panápaná ni yóò wá a rí, èjìká wọn á sì kan ara wọn títí iṣẹ́ á fi tán. A so ìkànnì kan pọ̀. A pa àwọn nọ́ńbà àṣírí tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò tì, ọ̀rọ̀ gbangba ni kí wọ́n máa sọ: "kọ́ríídọ̀ apá ìlà-oòrùn ti di ìyeyè." Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ gbà wá tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo fẹ́ kí wọ́n máa fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò, wọ́n ní ta ni yóò fi ìbọn sínú mọ́tò tó ṣí sílẹ̀? Wọ́n jàre. A yan ọlọ́pàá kan tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀.

A tún un ṣe nínú oṣù Kẹwàá. Ẹni àkọ́kọ́ jáde ní ìṣẹ́jú 12. Àwọn òbí ni a kò rántí rárá: a ò mú ibi tí wọ́n máa dúró, a ò sì mọ ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ tó kù nílẹ̀ nìyẹn. Obìnrin olùkọ́ yẹn tún wá, ó sì tún gba káàdì pupa. Wọ́n gbé e jáde ní ìṣẹ́jú 14. Mo bá a lẹ́bàá ánbúláǹsì, mo kí i kú oríire. Ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, wọ́n fa òun bí ẹni ń fa àpò ìrẹsì. Mo kọ ìyẹn náà sílẹ̀.