Bí a ṣe ń wọn gáàsì inú èèpo ẹ̀gẹ́, fún ẹni tó ń wá iṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì

Àwọn tó ń gba ọmọ iṣẹ́ sínú ìwádìí gáàsì ìdọ̀tí (biogas) kì í wo ìwé ẹ̀rí nìkan. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ lè wọn nǹkan, kí ẹ tún un wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an. Pé ìdọ̀tí ń di gáàsì kì í ṣe ìròyìn mọ́: Centre Songhaï, ọgbà iṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fadá Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin ní 1985, ń ṣe é. Nọ́ńbà ló kù: lítà mélòó ni gíráàmù kan èèpo ẹ̀gẹ́ ń mú jáde, àti pé ìwọ̀n wo ni yóò bà á jẹ́? Ní Kétu ti Benin, ohun tí ẹ máa fi wá ìdáhùn kò jìnnà. Èèpo wà lọ́dọ̀ àwọn ìyá onígàrí, ìgbẹ́ màlúù wà lọ́dọ̀ àwọn darandaran.

Ìgbẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá, èyí tó ṣì tutù. Nínú èyí tí oòrùn ti gbẹ, púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń ṣe gáàsì ti kú. Ẹ po kílò 5 mọ́ lítà 5 omi, ẹ sẹ́ koríko kúrò, ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì, kí ẹ má dé e pa. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí gáàsì tirẹ̀ tó rọlẹ̀. Omi ẹ̀rọ tó ń rùn oògùn, ẹ gbé e kalẹ̀ mọ́jú kí ẹ tó lò ó.

Èèpo ẹ̀gẹ́ ní májèlé ju inú ẹ̀gẹ́ lọ, nítorí náà ìta gbangba ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe inú yàrá. Ẹ gé e wẹ́wẹ́ bí èékánná, kó gba oòrùn ọjọ́ méjì. Ẹ fi àwọ̀n bò ó: ewúrẹ́ kò mọ̀ pé iṣẹ́ yunifásítì ni.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣi í ni ìwọ̀n. Wọ́n á wọn èèpo tútù, omi inú rẹ̀ á wọnú ìṣirò. Ẹ bẹ àwọn ọ̀gá yàrá ìwádìí kí wọ́n bá yín gbẹ gíráàmù 100 ní dígírì 105 títí tí kò fi ní fúyẹ́ mọ́, kí wọ́n sì sun ún ní 550. Ká ní ó ku 60 lẹ́yìn gbígbẹ, tí eérú sì jẹ́ 4: gíráàmù 56 ni kòkòrò lè jẹ. Láti rí 20 irú rẹ̀, ẹ nílò nǹkan bíi 36 nínú èèpo yẹn. Ẹ ṣe bákan náà fún omi ìgbẹ́. Bí gíráàmù 100 rẹ̀ bá ní 6, mílílítà 800 ní nǹkan bíi 48. Ti ìgbẹ́ gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po méjì ti èèpo, ó kéré tán.

Ìgò oníke lítà 1.5 mẹ́sàn-án la ó lò, mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kìíní: omi ìgbẹ́ mílílítà 800 nìkan. Ìkejì: kan náà pẹ̀lú èèpo gíráàmù 36. Ìkẹta: kan náà pẹ̀lú 108, tí a mọ̀ọ́mọ̀ fi pọ̀jù. Ẹ má yọ ọ́ kúrò. Òun ló máa fi ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ hàn.

Ẹ lu ọmọrí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ ki róbà tí wọ́n fi ń so omi fún aláìsàn bọ̀ ọ́, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i. Ẹ kan omi ọṣẹ sí i, kí ẹ tẹ ìgò náà: ibi tó bá hó ń jò. Róbà náà wọ orí ìgò kejì tó kún fún omi iyọ̀. Róbà mìíràn tó kan ìdí ìgò kejì yìí ló ń gbé omi jáde sínú ife. Omi tó bá jáde, iye gáàsì nìyẹn. Omi lásán máa ń mu gáàsì kábọ́ọ̀nù (CO2). Ẹ fi iyọ̀ gíráàmù 350 sí lítà kan, kí ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ díẹ̀ sí i.

Ibi kan náà tó gbóná ni gbogbo ìgò máa wà, ó dára bó bá sún mọ́ dígírì 35. Ẹ kà á láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹ kọ ìgbóná sílẹ̀, kí ẹ mi ìgò lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹgbẹ́ kẹta lè sáré ju gbogbo wọn lọ. Ẹ má yọ̀. Sítáàṣì ẹ̀gẹ́ tètè ń kan, àwọn kòkòrò tó ń ṣe mẹ́táánì, gáàsì tó ń jó, kì í sì tètè rí i jẹ tán. Bí pH (ìwọ̀n tó ń fi kíkan omi hàn) bá rẹlẹ̀ ju 6.5 lọ, iṣẹ́ wọn á máa dínkù, gáàsì kábọ́ọ̀nù ló máa pọ̀ jù. Láti mọ̀, ẹ fa omi kọ́síkì sódà mílílítà 10 (gíráàmù 120 sí lítà kan) sínú sìríǹjì mílílítà 60, kí ẹ fa gáàsì 40 tẹ̀ lé e, kí ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan. Sódà á mu gáàsì kábọ́ọ̀nù: bó bá ku gáàsì 24, mẹ́táánì tó nǹkan bí ìdá 60 nínú 100. Ìbọ̀wọ́ àti awò ojú ṣe dandan, sódà yìí ń jó ara. Ẹ má sì ṣáná sí ẹnu ìgò láé: mẹ́táánì tó bá pò mọ́ afẹ́fẹ́ láti ìdá 5 sí 15 nínú 100 máa ń bú gbàù.

Ẹ dúró nígbà tí gáàsì ojúmọ́ kò bá tó ìdá kan nínú 100 gbogbo èyí tó ti jáde, fún ọjọ́ mẹ́ta léra. Ẹ yọ ti ẹgbẹ́ kìíní kúrò. Ká ní ìkejì ṣe lítà 14.5, tí ìkíní ṣe 6: 8.5 ni ti èèpo. Pín in sí 20, ó di lítà 0.425 fún gíráàmù kan. Bó bá jẹ́ dígírì 30 lẹ wọ̀n ọ́n, ẹ sọ ọ́ di pupọ̀ pẹ̀lú 273, kí ẹ pín in pẹ̀lú 303 (273 àti 30), kó di 0.38, nítorí dígírì 0 ni àwọn oníwádìí fi ń ka gáàsì.

Lẹ́tà yín, ojú ewé kan tó, ní Faransé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tí iṣẹ́ rẹ̀ kan gáàsì ìdọ̀tí ni kí ẹ kọ ọ́ sí, ẹ má fi kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ènìyàn. Ẹ fi tábìlì ẹgbẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i, títí kan àwọn ìgò ẹgbẹ́ kẹta tí omi wọn di kíkan, kí ẹ wá sọ ohun kan tí ẹ fẹ́ dán wò síi, bíi kí a fi ìgbẹ́ adìyẹ díẹ̀ kún èèpo. Ẹ mú ìwé àkọsílẹ̀ dání lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè yín. Bíírò ni kí ẹ fi kọ ọ́. Èyí tí ẹ bá ṣì kọ, ẹ fa ìlà kan ṣoṣo lé e lórí kó ṣì ṣeé kà.