Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nínú lílo àńtíbọ́dì fún àwọn púrótíìnì ìta sẹ́ẹ̀lì

Collagen, fibronectin àti laminin wà lára àwọn púrótíìnì tí ó yí sẹ́ẹ̀lì ká, tí wọ́n sì dì wọ́n mú bí àwọ̀n. Wọ́n tóbi, wọ́n sì so kọ́ra wọn gan-an. Nítorí náà, bí àńtíbọ́dì (púrótíìnì tí a fi ń wá púrótíìnì mìíràn nítorí pé ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn) kò bá fi nǹkan kan hàn, ẹ má ṣe tètè dá a lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ẹ ti ṣe sí àpẹẹrẹ náà.

Àṣìṣe tí ó máa ń dùn mí jù lọ ni dída gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ nù. Lẹ́yìn tí a bá ti lọ ẹran ara, tí ẹ̀rọ sì ti yí ọpọ́n rẹ̀, omi tí ó tòrò lókè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fà, wọ́n á sì da ìsàlẹ̀ nù, bẹ́ẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn gan-an ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú collagen wà. Ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ fi urea 8 M tàbí guanidine, àwọn kẹ́míkà tí ń tú púrótíìnì, yọ èyí tí ó bá lè yọ níbẹ̀.

Fọ́nrán mẹ́ta tí a lọ́ mọ́ra bí okùn ni collagen. Àwọn àńtíbọ́dì kan wà tí wọn kò mọ̀ ọ́n àfi bí okùn náà bá ṣì wà ní lílọ́. Tí ẹ bá ti sè é nínú SDS (irú ọṣẹ kan tí ń tú púrótíìnì) fún Western blot (ọ̀nà tí a fi ń ya púrótíìnì sọ́tọ̀ kí a tó fi àńtíbọ́dì wá a), okùn ti tú, ojú tí àńtíbọ́dì náà mọ̀ sì ti parẹ́. Formalin, oògùn tí a fi ń pa ẹran ara mọ́ kí ó má bàjẹ́, pẹ̀lú a máa bo irú ojú bẹ́ẹ̀. Ooru tàbí ẹ́ńsáímù ni a fi ń ṣí i, ṣùgbọ́n ẹ́ńsáímù tí ó bá pẹ́ jù yóò jẹ ohun tí ẹ ń wá gan-an.

Ẹ má ṣe fi jẹ́látínì dí àyè òfìfo lórí gíláàsì (kí àńtíbọ́dì má bàa lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ) nígbà tí ẹ bá ń wá collagen tàbí fibronectin. Collagen tí ó ti tú ni jẹ́látínì fúnra rẹ̀, fibronectin a sì máa lẹ̀ mọ́ ọn. Omi ẹ̀jẹ̀ ọmọ màlúù tí a fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì náà ní fibronectin nínú. Ẹ gbé àwo kan kalẹ̀ tí ó ní oúnjẹ yẹn láìsí sẹ́ẹ̀lì kankan, kí ẹ ṣe é bí ẹ ti ṣe ìyókù. Bí ó bá tàn (àwọ̀ tí a so mọ́ àńtíbọ́dì ni ó ń tàn), ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ fibronectin màlúù ni ẹ ti ń kà sí ti sẹ́ẹ̀lì yín.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ti ìta nìkan ni ẹ fẹ́ rí, ẹ má ṣe fi Triton (irú ọṣẹ kan) dá ihò sí ara sẹ́ẹ̀lì ṣáájú àńtíbọ́dì, nítorí pé fibronectin tí sẹ́ẹ̀lì ṣì ń ṣe lọ́wọ́ nínú yóò tàn pẹ̀lú, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ó ti jáde.