Bí a ṣe ń ṣètò switch fún ọ́fíìsì kékeré

Switch tuntun (ẹ̀rọ tí a fi ń so kọ̀ǹpútà àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn pọ̀ mọ́ra ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì) máa ń ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ tí a bá ti fi iná sí i; ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ki wáyà bọ inú rẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí kọ̀ǹpútà àwọn akáúńtáǹtì, fóònù àlejò àti kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà ti ń gba inú ẹ̀rọ kan náà kọjá, ó yẹ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀. Cisco Catalyst 2960 oníhò 24 ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹ kọ́kọ́ mú bébà, kí ẹ kọ nọ́ńbà ihò kọ̀ọ̀kan àti ẹ̀rọ tí ó wà ní ìdí wáyà rẹ̀. Iṣẹ́ yìí máa ń súni, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fò ó yóò padà wá ṣe é ní òru pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Ẹ fi wáyà console, ìyẹn wáyà tí a fi ń ṣètò switch, so ó mọ́ kọ̀ǹpútà yín, ẹ ṣí PuTTY (ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń tẹ àṣẹ sí switch), ẹ yan Serial, kí ẹ sì fi 9600 sí iye ìyára. Bí ó bá jẹ́ jákujàku ni lẹ́tà ń jáde, ìyára yẹn ni kò bá a mu. Tí switch bá béèrè bóyá kí òun máa tọ́ yín sọ́nà, ẹ dáhùn pé "no". Lẹ́yìn náà ẹ tẹ "enable", kí ẹ sì tẹ "configure terminal".

VLAN ni a fi ń pín switch kan sí bíi mélòó kan. Fún àwọn akáúńtáǹtì, ẹ tẹ ìwọ̀nyí ní ìlà kọ̀ọ̀kan:

vlan 10
name AKAUNTI
exit
interface range fastEthernet 0/1 - 8
switchport mode access
switchport access vlan 10
spanning-tree portfast
spanning-tree bpduguard enable

Láìsí portfast, kọ̀ǹpútà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ so mọ́ ọn yóò dúró fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 30 kí ó tó rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Bpduguard ní tirẹ̀, tí ó máa ń ti ihò pa bí àmì láti ọ̀dọ̀ switch bá gba ibẹ̀ wọlé, ni ó gbà mí lọ́wọ́ ẹni tí ń tún ọ́fíìsì ṣe: ó rí orí wáyà kan nílẹ̀, ó sì fẹ́ kí ilẹ̀ mọ́, ni ó bá ki í bọ ihò ara ògiri, láìmọ̀ pé orí kejì rẹ̀ ti wà nínú ihò mìíràn. Ojú ẹsẹ̀ ni switch ti ihò náà pa. Láti ṣí i padà, ẹ yọ wáyà náà kúrò, ẹ wọ inú interface rẹ̀, ẹ tẹ "shutdown", lẹ́yìn náà "no shutdown".

Ihò tí ó lọ sí ọ̀dọ̀ router (ẹ̀rọ tí ń so nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan mọ́ òmíràn), bíi gigabitEthernet 0/1, ni kí ẹ fún ní "switchport mode trunk", nítorí pé gbogbo VLAN ni yóò gba ibẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá fẹ́ máa wọlé láti òkèèrè, SSH, ọ̀nà ìwọlé tí ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ lójú ọ̀nà, ni kí ẹ lò, kì í ṣe Telnet. Telnet máa ń gbé ọ̀rọ̀ aṣínà kọjá ní gbangba, ẹni tó bá ń ṣọ́ ojú ọ̀nà yóò sì kà á.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ tẹ "end" láti padà sí ojú ìlà tí ó parí pẹ̀lú # láìsí "(config)" níwájú rẹ̀, kí ẹ tẹ "copy running-config startup-config". Ohun tí a kò bá fi pamọ́ báyìí, inú iyè fúngbà díẹ̀ ni ó wà. Mo fi ọ̀sán gbáko ṣètò switch kan rí, mo ní kí n kọ́kọ́ jẹun; kí n tó gé òkèlè kẹta, wọ́n mú iná lọ. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ dìde, gbogbo ihò ti padà sí VLAN 1, níbi tí wọ́n wà kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹnikẹ́ni bá ń ráhùn pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lọ, "show interfaces status" ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Bí ó bá kọ "err-disabled", switch fúnra rẹ̀ ni ó ti ihò náà pa. Bí ó bá kọ "notconnect", ẹ wo bóyá kọ̀ǹpútà náà wà ní títàn, kí ẹ sì tọ wáyà náà dé ìdí, pàápàá tí ó bá gùn ju mítà 100 lọ.