Bí Mo Ṣe Forúkọ Àdírẹ́sì Mi Sílẹ̀ ní Leipzig, àti Àwọn Ìwé Tó Tẹ̀lé E

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń múra láti wá kàwé ní Jámánì ló gbà pé bí físà bá ti wọ inú ìwé ìrìnnà, wàhálà ìwé ti parí. Físà tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń wọlé kì í sábà ju oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lọ, kí ó sì tó tán ló gbọ́dọ̀ ti béèrè fún ìwé ìgbélùú. Ohun tí gbogbo ìwé yòókù sì rọ̀ mọ́ ni Anmeldung, ìyẹn ni pé kí ènìyàn lọ fi àdírẹ́sì ilé tó ń gbé hàn ìjọba ìlú, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kọkànlá ọdún 2015 fún ẹni tó bá kó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì láti ṣe é. Leipzig ni mo ti ṣe tèmi, mo sì fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe tò tẹ̀ léra, nítorí pé mo ti rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní owó, tí wọ́n sì ní ìwé ìgbàwọlé yunifásítì lọ́wọ́, síbẹ̀ tí nǹkan dẹnu kọlẹ̀ fún nítorí pé wọn kò ní àdírẹ́sì.

Láti Ìbàdàn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ilé. Ẹ̀gbọ́n kan tó ti ń kàwé ní Leipzig ṣáájú mi ló là mí lọ́yẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, “Kí o tó bi wọ́n léèrè iye owó yàrá, kọ́kọ́ béèrè bóyá wọ́n á jẹ́ kí o forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní rárá, má fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́.” Mo ní, “Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n mi, mo ti gbọ́.” Ìdí tó fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé ìwé àdéhùn ilé nìkan kò tó lójú àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú. Onílé gbọ́dọ̀ buwọ́ lu fọ́ọ̀mù mìíràn tí wọ́n ń pè ní Wohnungsgeberbestätigung, tó ń jẹ́rìí sí ọjọ́ tí ènìyàn kó wọlé, àdírẹ́sì ilé náà àti orúkọ ẹni tó kó wọ ibẹ̀. Àwọn kan wà tí wọ́n ń yá yàrá fún ènìyàn fún oṣù díẹ̀ tí wọn kò sì fẹ́ buwọ́ lùwé kankan. Ẹni tó bá gba irú yàrá bẹ́ẹ̀ ti rí ibi sùn, ṣùgbọ́n lójú ìjọba kò tíì dé. Yàrá tí mo gbà ní Lindenau, àdúgbò kan ní Leipzig, nínú ilé tí àwa mẹ́ta jọ ń pín ilé ìdáná lò, wọ́n ju àwọn mìíràn tí mo rí lọ. Mo gbà á nítorí pé màmá tó ni ilé ṣèlérí pé àwọn á mú fọ́ọ̀mù náà dání lọ́jọ́ tí àwọn bá ń fún mi ní kọ́kọ́rọ́, wọ́n sì mú un wá lóòótọ́.

Ọjọ́ náà gan-an ni a lẹ orúkọ mi mọ́ àpótí lẹ́tà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré èyí. Àdírẹ́sì ní Jámánì kì í sábà ní nọ́ńbà yàrá. Orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé ni, orúkọ ìdílé tó wà lára àpótí sì ni ẹni tó ń pín lẹ́tà ń wò. Lẹ́tà tí kò bá rí orúkọ tirẹ̀ yóò padà síbi tó ti wá. Mo gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi bírò dúdú kọ orúkọ ìdílé mi gàdàgbà sí i, láìfi àmì sí i, bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà. Màmá náà fi ẹnu kọ́kọ́rọ́ gbé ọ̀rá líle tó bo ojú àpótí náà sókè, mo sì ti bébà náà sábẹ́ orúkọ àwọn méjì tí mo bá nínú ilé. A ṣe bákan náà sí ibi aago ẹnu ọ̀nà.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti gba àkókò láti lọ sí Bürgerbüro, ọ́fíìsì ìjọba ìlú tí wọ́n ti ń kọ àdírẹ́sì ènìyàn sílẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ni sáà ìgbà òtútù bẹ̀rẹ̀ ní yunifásítì, nítorí náà àyè kì í pọ̀ lásìkò yẹn. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ ni pé n kò fi mọ sí ọ́fíìsì tó wà nítòsí mi, nítorí pé èyíkéyìí nínú wọn láàárín ìlú ló lè ṣe é, mo sì máa ń wo ojú ìwé náà ní ìdájí, nígbà tí àyè àwọn tó yẹ̀ ẹ́ máa ń jáde.

Ìbéèrè kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kún níbẹ̀ tó yẹ kí àwa ọmọ Yorùbá fara balẹ̀ lé lórí, èyí ni ìbéèrè nípa ẹ̀sìn. Ọ̀rọ̀ owó orí ló wà nídìí rẹ̀. Ìjọba máa ń bá ìjọ Kátólíìkì àti ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì ti Jámánì gba owó ìjọ pọ̀ mọ́ owó orí: ìdá 9 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí ẹni ni ní ìpínlẹ̀ Sachsen tí Leipzig wà, ìdá 8 sì ni ní Bavaria àti Baden-Württemberg. Akẹ́kọ̀ọ́ tí owó tó ń wọlé fún un kò tó èyí tí wọ́n ń gba owó orí lé lórí kò ní san nǹkan kan, ṣùgbọ́n àkọsílẹ̀ náà yóò dúró dè é títí di ọjọ́ tó bá ríṣẹ́ gidi. Ọmọ ìjọ Kérúbù àti Séráfù ni mí, ìjọ wa kò sì sí nínú ètò náà. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún akọ̀wé, ó sì fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo. N kò gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti sẹ́ ìjọ rẹ̀ nítorí owó, ṣùgbọ́n ó yẹ kó mọ ohun tó ń buwọ́ lù.

Nígbà tí akọ̀wé tẹ ìwé ẹ̀rí jáde, n kò kúrò lórí ìjókòó. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìrìnnà mi, mo sì ka orúkọ àti ọjọ́ ìbí mi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ohun tó bá wà níbẹ̀ ni báǹkì àti àwọn yòókù yóò dà kọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, nǹkan ń yá. Mo fi ìwé náà ṣí àkáǹtì ní báǹkì, mo sì fi nọ́ńbà àkáǹtì ọ̀hún ránṣẹ́ sí àwọn tó ń tọ́jú Sperrkonto mi, ìyẹn owó tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi pamọ́ kí ó tó rí físà gbà. 11,904 yúrò ni nígbà tí mo wá, 992 yúrò ni wọ́n sì ń tú sílẹ̀ lóṣooṣù. Káàdì adójútòfò ìlera bá mi nínú àpótí lẹ́tà. Nọ́ńbà owó orí, tó jẹ́ díjíìtì mọ́kànlá tí kì í yí padà títí ayé, náà bá mi níbẹ̀, láìjẹ́ pé mo béèrè fún un. Lẹ́tà owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n náà dé: 18.36 yúrò lóṣù, ì báà jẹ́ pé kò sí tẹlifíṣọ̀n nínú ilé. Ilé ni wọ́n ń gba owó yìí lé lórí, kì í ṣe orí ènìyàn. Ẹnì kan ti ń san án nínú ilé wa, nítorí náà mo fi nọ́ńbà tirẹ̀ dá wọn lóhùn, mo sì ń fún un ní 6.12 yúrò tó kàn mí.

Ní ọ́fíìsì àwọn àjèjì, wọ́n gba ìwé ìrìnnà, ìwé ẹ̀rí àdírẹ́sì, ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ti adójútòfò àti ti Sperrkonto lọ́wọ́ mi. Mo san 100 yúrò, wọ́n sì gba àmì ìka mi. Berlin ni wọ́n ti ń tẹ káàdì tó jẹ́ ìwé ìgbélùú náà, ó sì máa ń gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tí físà rẹ̀ bá fẹ́ tán kí káàdì tó dé lè gba Fiktionsbescheinigung, ìwé onígbà díẹ̀ tí yóò fi di àyè náà. Ìwé àfikún kan tẹ̀ lé káàdì mi, tó sọ pé mo lè ṣiṣẹ́ fún 140 ọjọ́ gbáko tàbí 280 ààbọ̀ ọjọ́ lọ́dún. Mo ṣe ẹ̀dà rẹ̀, mo fi nọ́ńbà owó orí tì í, mo kó wọn lọ sí ilé ìkàwé tí wọ́n ti gbà mí síṣẹ́ ìrọ̀lẹ́, mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.